Ìjọba Ìbílẹ̀ Mẹ́rin, Àga Kan Ṣoṣo: Ìtàn Aṣojú Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara

Bí èèyàn bá sọ pé ará Èkìtì lòun, Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò ló máa ń wá sí ọkàn ẹni tó ń gbọ́. Àmọ́ Èkìtì mìíràn wà tí kò sí lábẹ́ Adó. Ìpínlẹ̀ Kwara ló wà. Àráròmí-Ọ̀pin ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, Òsì sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú rẹ̀ tí òkìkí wọn ti pẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Òkè-Ẹ̀rọ̀ wà, tí olú ìlú tirẹ̀ ń jẹ́ Ìlọ́fà.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ àdúgbò yìí tó ń gbé ní Ìlọrin, ní Èkó, ní Ìbàdàn àti lókè òkun kò lè sọ ẹni tó ń ṣojú wọn ní Àbújá, tàbí iye ìlú tí wọ́n jọ ń pín aṣojú kan. Èyí ló mú wa kọ àlàyé yìí, kí bàbá, ìyá àti ọmọ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ibi tó dé, àti ohun tó wà lọ́wọ́ wọn láti ṣe.

Ibi tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló jọ ń yan aṣojú kan sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá: Èkìtì, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin àti Òkè-Ẹ̀rọ̀. Olú ìlú Ìrẹ́pọ̀dùn ni Òmù-Àrán, ti Ìsin sì ni Òwu-Ìsin. Àwọn ará Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìsin, Ìgbómìnà ló pọ̀ jù nínú wọn. Èdè àwọn ará Òsì, Ọ̀bọ̀, Ìlọ́fà àti Odò-Ọ̀wá sì sún mọ́ ti àwọn ará Ọ̀tùn àti Ìkọ̀lé tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní apá ìlà oòrùn, Erúkù ni ìlú tó kẹ́yìn kí èèyàn tó wọ Ẹgbẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kogí.

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2023 tí wọ́n ti ń retí, tí kò sì wáyé, kò sí iye kankan tí a lè gbé ka ilẹ̀. Ti ọdún 2006 ni ìjọba ṣì ń lò. Nínú rẹ̀, Èkìtì ní èèyàn 54,850, Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní 57,619, Ìsin ní 59,738, Ìrẹ́pọ̀dùn sì ní 148,610. Àròpọ̀ gbogbo wọn jẹ́ 320,817.

Ẹ jẹ́ kí a wo iye yìí dáadáa. Bí a bá pa Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ pọ̀, 112,469 ni wọ́n jẹ́. Ìrẹ́pọ̀dùn nìkan ju àwọn méjèèjì lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin nìkan, tí ó ní èèyàn 364,666, ju gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin wọ̀nyí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ohùn Òsì àti Ìlọ́fà fi máa ń ṣòro láti gbọ́ lókè, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe di ará Àríwá

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbára Ìlọrin nà dé ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà àti àwọn Èkìtì tó wà ní òkè. Nígbà tí àwọn Òyìnbó dé, tí wọ́n sì dá ìjọba Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, inú ẹkùn Ìlọrin ni wọ́n kó àwọn ìlú wọ̀nyí sí. Àwọn Èkìtì yòókù bọ́ sí apá Gúúsù. Bí ààlà ṣe la àárín àwọn tó ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn, nìyẹn.

Ààlà yìí wọ inú orúkọ ìlú pàápàá. Òsì-Ìlọrin ni wọ́n ń pe Òsì, kí wọ́n má baà ṣì í mú fún Òsì tó wà ní apá kejì. Orúkọ yìí ni àwọn ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní òkè òkun fi mọ̀ ọ́n títí di òní, nítorí Àreògún, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà igi gbígbẹ́, tó kú ní ọdún 1954. Àreògún ti Òsì-Ìlọrin ni wọ́n ń kọ sí ara iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí òṣèlú ẹgbẹ́ dé ní ọdún 1950 sí 1960, ọ̀rọ̀ ààlà yìí di ìjà gidi. Ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ kí àwọn ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní Ìlọrin àti Kàbà darapọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. J. S. Ọláwọyin ti Ọ̀fà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lórí jù lọ. Ní ìlú Ìlọrin fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tálákà tó ń jẹ́ Ilorin Talaka Parapo bá Action Group ṣe àjọṣe. Ní ọdún 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Sir Henry Willink láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà tó kéré. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1958, kò sì yí ààlà náà padà. Báyìí ni Nàìjíríà ṣe gba òmìnira tí Òsì àti Ìlọ́fà sì wà ní Àríwá.

Àwọn ìyá wa tí kò lè dìbò

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbà gbọ́ bí a bá sọ ọ́ fún wọn. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1959, àwọn obìnrin ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn àti Èkó dìbò. Ní Àríwá, ọkùnrin nìkan ni òfin fún láyè.

Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ibi ààlà. Obìnrin tó wà ní Ọ̀tùn lè tò lórí ìlà, kó sì fi ìbò rẹ̀ yan aṣojú. Àbúrò rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Ìlọ́fà tàbí Òsì, tó ń ṣòwò nínú ọjà kan náà, tó sì ń san owó ọjà bí tirẹ̀, kò ní ìbò kankan. Kò sí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ju ìlà tí Òyìnbó fà lórí ìwé lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí ìjọba ológun fi fún àwọn obìnrin Àríwá ní ẹ̀tọ́ yìí ní ọdún 1976. Ìdìbò ọdún 1979 ni ìdìbò àpapọ̀ àkọ́kọ́ tí gbogbo obìnrin Nàìjíríà jọ dì. Nítorí náà, ìyá àgbà tó bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní àdúgbò yìí lónìí ti dàgbà tó ẹni tó ń bímọ kí ìjọba tó kà á mọ́ olùdìbò. Ẹ bi wọ́n léèrè nílé, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń pín

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ìlọrin àti Kàbà di ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní West Central, kó tó di Kwara. Gómìnà àkọ́kọ́ rẹ̀, David Bámigbóyè, ọmọ Òmù-Àrán ni. Ẹkùn tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni gómìnà àkọ́kọ́ ti wá, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé.

Nígbà àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1976, Ìrẹ́pọ̀dùn di ìjọba ìbílẹ̀ ńlá. Lẹ́yìn náà ni Èkìtì ya kúrò. Ní ọdún 1991, wọ́n yọ Kàbà, Òkénè àti Lọ́kọ́jà kúrò nínú Kwara láti dá Kogí sílẹ̀, Erúkù sì di ìlú ẹnu ààlà. Ní ọdún 1996, Ìsin jáde láti ara Ìrẹ́pọ̀dùn, Òkè-Ẹ̀rọ̀ sì jáde láti ara Èkìtì. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ láti ara Oǹdó, tí orúkọ Èkìtì fi wá di ti ibi méjì.

Ìpín yìí mú ọ́fíìsì ìjọba sún mọ́ àwọn èèyàn. Ẹni tó wà ní Ìlọ́fà kò ní láti rìn jìnnà mọ́ kó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àga tó wà ní Àbújá kò pọ̀ sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ di mẹ́rin, aṣojú ṣì jẹ́ ẹyọ kan.

Àwọn àga tó wà, àti bí òfin ṣe pín wọn

Òfin ọdún 1999 sọ pé aṣojú 360 ni yóò wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, kí iye èèyàn tó wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Mẹ́fà ló kan Kwara. Òfin kan náà sọ pé iye àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye aṣojú Àbújá, kí ó má sì dín sí 24. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣòfin Kwara fi jẹ́ 24. Nínú ilé yìí, Èkìtì ní aṣòfin kan, Òkè-Ẹ̀rọ̀ náà sì ní ọ̀kan.

Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta. Ẹkùn Gúúsù Kwara, tí ó kó ìjọba ìbílẹ̀ méje jọ, ni Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ wà. Àwọn yòókù ni Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀fà àti Ọyún. Simeon Ajíbọ́lá, Rafiu Ibrahim àti Lọlá Aṣírù wà lára àwọn tó ti jókòó sórí àga yẹn.

Òfin tún sọ pé kí àjọ INEC máa yẹ ààlà àwọn ẹkùn wò, ó kéré tán lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti tó bí ọmọ tirẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ìlú ti ń dàgbà, òmíràn ti ń sọ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ nù, ẹkùn ìdìbò sì dúró sójú kan.

Ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2018

Ní ọdún 2015, Ọmọba Fúnkẹ́ Adédoyin, tó ti ṣe mínísítà nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọlé gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹkùn yìí. Ilẹ̀ tí obìnrin kò ti lè dìbò ní ọdún 1959 ló fi obìnrin ránṣẹ́ sí Àbújá. Ó jẹ́ Ọlọ́hun nípè ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, àga náà sì ṣófo.

Àsìkò tó ṣófo yẹn le. Bukola Saraki, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àti Gómìnà AbdulFatah Ahmed ti kúrò nínú APC bọ́ sí PDP ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Ìdìbò gbogbogbò sì kù díẹ̀. Ni gbogbo ojú bá yí sí Òmù-Àrán, Òsì, Ìlọ́fà àti Òwu-Ìsin.

Wọ́n dìbò ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá. Raheem Túnjí Ọláwuyì ti APC ní ìbò 21,236, olùdíje PDP sì ní 18,095. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 3,141. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó ń pariwo "Ó tó gẹ́" ní gbogbo Kwara lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí ìdìbò gbogbogbò dé ní ọdún 2019, APC gba ipò gómìnà, AbdulRahman AbdulRazaq sì di gómìnà. Ọláwuyì padà wọlé ní 2019, ó sì tún wọlé ní 2023.

A kò sọ èyí láti yin ẹgbẹ́ kan tàbí láti bú èkejì. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ wà fún olùdìbò. Ìbò 3,141, tí a bá pín in sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, kò tó 800 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrò tó ń kírun Yídì ní ìlú ńlá kan lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú tó rò pé òun kéré jù lè jẹ́ òun gan-an ni yóò pinnu ẹni tó máa wọlé, bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá jáde.

Ohun tí aṣojú lè ṣe, àti èyí tí kò lè ṣe

Ìbínú púpọ̀ tí à ń gbọ́ nípa àwọn aṣojú wá láti inú àìmọ iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni òfin gbé lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n ṣe òfin, kí wọ́n yẹ ètò ìṣúná wò kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì máa bi àwọn iléeṣẹ́ ìjọba léèrè ohun tí wọ́n fi owó ṣe. Iṣẹ́ àkànṣe tí à ń rí nínú ìlú, bí ìgò omi, iná ojú pópó tàbí kíláàsì, aṣojú ló máa ń dábàá rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba ni owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ lọ, òun ló sì ń wá agbaṣẹ́ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọjà, ibùdókọ̀, ìtẹ́ òkú, àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ girama wà lọ́wọ́ gómìnà. Ọlọ́pàá àti ológun wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá mú ẹ̀dùn ọkàn lọ sí ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò kàn padà pẹ̀lú ìbínú ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni ibi tí gbogbo èyí ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Oníkòrò ti Kórò ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, wọ́n pa ọba náà, Ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, wọ́n sì gbé aya rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Erúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó èèyàn 38 lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n gba ìtúsílẹ̀.

Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àna àti aládùúgbò àwọn mùsùlùmí ìlú náà. Ní àdúgbò yìí, ilé kan náà ni mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti máa ń pàdé, bàbá á máa lọ Jímọ̀ọ̀, àbúrò rẹ̀ á máa lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ìbọn kì í béèrè ẹ̀sìn ẹni. Aṣojú kan kò lè rán ológun sínú igbó. Ohun tó lè ṣe ni kí ó dìde nínú ilé, kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó jẹ́ kánjúkánjú, kí ó béèrè pé kí ni wọ́n fi owó ààbò ṣe, kí ó sì má jẹ́ kí orúkọ Kórò àti Erúkù kúrò lẹ́nu títí wọ́n á fi dáhùn. Ibi tí èèyàn kò pọ̀ sí, tí igbó sì pọ̀, nílò aṣojú tó ń sọ̀rọ̀ ju ibi tí ìwé ìròyìn ń dé lójoojúmọ́ lọ.

Ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Àkọ́kọ́, kí gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 18 nínú ilé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC, kí wọ́n sì gba káàdì ìdìbò wọn. Ẹni tó ti kó lọ sí Èkó tàbí Ìlọrin, kó pinnu ibi tí yóò ti máa dìbò, kó sì lọ yí i padà bó bá yẹ. Orúkọ tó wà ní Òsì, tí olúwa rẹ̀ kì í wá sílé, kò ran Òsì lọ́wọ́.

Èkejì, kí a mọ àwọn aṣojú wa ní orúkọ: káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù, alága ìjọba ìbílẹ̀, aṣòfin ìpínlẹ̀, aṣojú Àbújá àti sẹ́nétọ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Káńsílọ̀ àti alága kò ní àwáwí púpọ̀ mọ́, ẹ bi wọ́n.

Ẹ̀kẹta, òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní àǹfààní láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba, kó sì béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan àti ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kàwé nínú wọn lè kọ ọ́ láàárín wákàtí kan.

Ẹ̀kẹrin, bí aṣojú bá kùnà pátápátá, òfin fàyè gbà kí a pè é padà. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà ju ìdajì àwọn olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ, kí INEC sì tún ṣe ìdìbò lórí rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, nítorí náà ni ó ṣe dára kí a yan ẹni tó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bá Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìsin sọ̀rọ̀. Èèyàn 112,469 tó fohùn ṣọ̀kan níye lórí fún olùdíje èyíkéyìí. Bí wọ́n bá tú ká, ìlú tó tóbi jù ni yóò máa pinnu fún wọn lọ.

Ipò aṣojú, àmánà ni lójú Ìsìláàmù. Sūratu n-Nisāi, āyah 58, sọ̀rọ̀ lórí fífi àmánà fún ẹni tó tọ́ sí, a sì gbà pé ìbò wa wà lára rẹ̀. Ẹni tó ta ìbò rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ti ta ọdún mẹ́rin. Bí a bá pín in, kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́.

Àwọn ìyá wa ní Òsì àti Ìlọ́fà dúró títí di 1979 kí wọ́n tó lè fi ọwọ́ ara wọn yan aṣojú nínú ìdìbò àpapọ̀. Káàdì tó wà nínú àpótí àwọn ọmọ wọn lónìí, kí wọ́n má jẹ́ kí ó dọ̀tí síbẹ̀.